Ilé Gíláàsì Arizona: Ta Ló Máa Ni Afẹ́fẹ́ ní Mars?

Bí ọ̀rọ̀ Mars bá ti délẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Bó ṣe ga tó, iye ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí rẹ̀, bó ṣe bú gbàmù lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò. Elon Musk tó dá SpaceX sílẹ̀ ní 2002 ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òun fẹ́ kí mílíọ̀nù kan èèyàn máa gbé níbẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó lọ sí ilé tuntun, ṣé inú ọkọ̀ tó fi kó ẹrù ló máa ń gbé lẹ́yìn tó bá débẹ̀? Ọkọ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá já wa sílẹ̀ tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Yorùbá ní orúkọ fún iṣẹ́ yẹn: títẹ ìlú dó. Àwọn tó tẹ ìlú dó láyé àtijọ́ kì í kàn fi ọ̀pá gún ilẹ̀ kí wọ́n ní ibí làwọn ó máa gbé. Wọ́n á wá omi, wọ́n á wo ilẹ̀ bóyá iṣu á ta níbẹ̀, wọ́n á sì mọ ẹni tó máa ṣe olórí kí ìjà má baà tú wọn ká lọ́la. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò ronú nípa rẹ̀ ni afẹ́fẹ́, torí kò síbi tí wọ́n dé láyé yìí tí afẹ́fẹ́ ò ti dé ṣáájú wọn. Ní Mars, afẹ́fẹ́ gan-an ni nǹkan àkọ́kọ́ tí a máa wá.

Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ Mars ló jẹ́ carbon dioxide, èyí tí àwa ń mí síta. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì fẹ́lẹ́ débi pé agbára tó fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Òtútù ibẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba, tó nǹkan bí 60 sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ perchlorate nínú. Ẹ̀rọ Phoenix tí NASA fi ránṣẹ́ ló rí i ní 2008, májèlé sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ náà gbin ẹ̀fọ́ jẹ. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í sì í ṣí lójoojúmọ́. Nǹkan bí oṣù 26 síra wọn ni ayé àti Mars máa ń bọ́ sí ipò tó rọrùn fún ọkọ̀ láti gbéra. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lónìí, ẹni tó ń gbé irinṣẹ́ bọ̀ lè má tíì kúrò nílé títí ọdún méjì òní.

Lóòótọ́, NASA ti fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ MOXIE ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ Perseverance, ó sì yọ ọ́síjìn jáde látinú afẹ́fẹ́ Mars. Láàárín 2021 sí 2023, ìgbà 16 ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà, gbogbo ọ́síjìn tó pèsè sì jẹ́ gíráàmù 122. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ má jẹ́ ká fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kan ṣoṣo ń lo nǹkan bí gíráàmù 840 lójúmọ́. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló máa fi mí, ó tán.

Ní iṣẹ́ tiwa, àwa tí a ń kọ sọ́fúwíà, a kì í gbé kóòdù tuntun lọ tààrà sórí sáfà tí àwọn oníbàárà ń lò. A máa ń ní sáfà ìdánwò, níbi tí nǹkan ti lè dàrú láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọ èèyàn náà ti kọ́ irú sáfà ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún Mars, orí ilẹ̀ ayé níbí ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Èyí tó tóbi jù, tó sì dá ariwo sílẹ̀ jù nínú wọn ni Biosphere 2. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí mo gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju gígùn rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan lọ.

Ẹ̀dà ayé

Kí Amẹ́ríkà tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará Rọ́ṣíà ti wà níbẹ̀. Ní ìlú Krasnoyarsk ní Siberia, wọ́n kọ́ ilé irin kan tí wọ́n pè ní BIOS-3, wọ́n parí rẹ̀ ní 1972. Ilé kékeré ni, èèyàn mẹ́ta péré ló gbà. Láti 1972 wọ 1973, wọ́n fi ọjọ́ 180 gbé inú rẹ̀. Àlìkámà àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sábẹ́ iná ló ń sọ afẹ́fẹ́ wọn dọ̀tun, wọ́n sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìta ni ẹran ti ń wá, ìgbẹ́ wọn kò sì padà di ajílẹ̀ fún oko. Ẹni tó ń gba oúnjẹ láti ilé bàbá rẹ̀ kò tíì dá gbé.

Biosphere 2 fẹ́ dá gbé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ní ìtumọ̀: Biosphere 1 ni ayé tí a wà yìí pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀, Biosphere 2 sì ni ẹ̀dà rẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ kọ́. Ẹni tó ni èrò náà ni John Allen, ará Amẹ́ríkà kan tó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí oko kan ní New Mexico láti ọdún 1969. Wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé, wọ́n ń dáko, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi rìn káàkiri àgbáyé. Ẹni tó lówó nínú wọn ni Ed Bass, ọmọ ìdílé olówó epo kan ní Texas. Nǹkan bí mílíọ̀nù 150 dọ́là ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Ẹ fọkàn yàwòrán ilé gíláàsì àti irin tó gba ilẹ̀ 3.14 éékà, nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Oracle ní ìpínlẹ̀ Arizona. Igbó kìjikìji wà nínú rẹ̀, ọ̀dàn wà níbẹ̀, aṣálẹ̀ wà níbẹ̀, àbàtà wà níbẹ̀, òkun kékeré tó ní òkìtì iyùn wà níbẹ̀, oko àti ilé gbígbé náà wà níbẹ̀. Wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà tẹ́ abẹ́ rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gba inú ilẹ̀ sá lọ. Torí pé afẹ́fẹ́ máa ń fẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, wọ́n kọ́ iyàrá ńlá méjì tí wọ́n pè ní ẹ̀dọ̀fóró. Òrùlé wọn ń gbéra sókè lọ́sàn-án, ó ń rọlẹ̀ lálẹ́, bí àyà ẹni tó ń sùn. Láìsí wọn, gíláàsì yẹn á fọ́. Láti ìta ni iná mànàmáná wọn ti ń wá.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, èèyàn mẹ́jọ wọlé. Àwọn obìnrin ni Abigail Alling, Linda Leigh, Jane Poynter àti Sally Silverstone. Àwọn ọkùnrin ni Taber MacCallum, Mark Nelson, Mark Van Thillo àti Dókítà Roy Walford. Wọ́n juwọ́ sí àwọn oníròyìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àdéhùn ni pé ọdún méjì gbáko ni kí nǹkan kan má wọlé, kí nǹkan kan má sì jáde.

Ebi

Kò tíì pé oṣù kan tí àdéhùn náà fi yẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya ìrẹsì kúrò lára koríko rẹ̀ gé Jane Poynter ní orí ìka. Dókítà inú ilé rán an pa dà, kò mú. Ó di dandan kó jáde lọ sí ọsibítù. Wákàtí díẹ̀ ló lò níta kó tó padà wọlé, àmọ́ ó gbé báàgì kan dání nígbà tó ń bọ̀, báàgì yẹn làwọn ìwé ìròyìn sì gbé pòòyì. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó tún hàn síta pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan tó ń fa carbon dioxide sínú ilé náà láìpariwo rẹ̀, ọ̀rọ̀ di wàhálà.

Àwọn tó wà nínú ilé ní ìṣòro tó ju ìwé ìròyìn lọ. Ebi ń pa wọ́n. Oko wọn kò fẹ̀ tó èyí tó lè bọ́ èèyàn mẹ́jọ ní àbọ́yó, àwọn ọdún méjèèjì náà sì bọ́ sí àsìkò El Niño, ojú ọ̀run Arizona ṣú ju bó ṣe máa ń ṣú lọ. Oòrùn tí kò wọlé kò lè di oúnjẹ. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú ò fẹ́ẹ̀ lè rí ba ọ̀dùnkún wọn jẹ́, wọn ò sì lè fín oògùn sí i, torí oògùn tí wọ́n bá fín lónìí ni wọ́n máa mu nínú omi lọ́la. Kúkúndùnkún ni kò já wọn kulẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ títí àwọ̀ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ọsàn.

Jane Poynter ti sọ ọ́ pé oṣù mẹ́rin ni òun fi ń ṣe pízà kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ rò ó wò: ẹ máa gbin àlìkámà, ẹ máa kórè rẹ̀, ẹ máa lọ̀ ọ́. Ẹ máa gbin oúnjẹ ewúrẹ́ kí ewúrẹ́ tó ní wàrà, kí wàrà tó di wàràkàṣì. Gbogbo ohun tí foonu yín ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà láàárín ogójì ìṣẹ́jú ló ní oko lẹ́yìn, ó ní oṣù lẹ́yìn. Ní inú ilé gíláàsì yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n lè tẹ̀ láago.

Dókítà Walford ti ń ṣèwádìí ọjọ́ pípẹ́ ní yunifásítì UCLA lórí eku, pé èyí tó bá ń jẹ oúnjẹ díẹ̀ tó ṣara lóore máa ń pẹ́ láyé. Ayé wá mú òun fúnra rẹ̀ wọ inú ìwádìí náà, lẹ́ni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọkùnrin pàdánù nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, àwọn obìnrin nǹkan bí ìdá 10. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ sílẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn dínkù, ara wọn le. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò, oúnjẹ ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn: nǹkan bí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n jẹ fún ọdún méjì yẹn ló jáde láti oko wọn. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú wọn.

Afẹ́fẹ́ tó sá lọ

Ebi ṣe é rí lójú. Ohun tó kàn kò ṣe é rí. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ wọn jẹ́ ìdá 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí níbi gbogbo láyé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 16, ó ti bọ́ sí nǹkan bí ìdá 14, bíi ti ẹni tó ń gbé orí òkè tó ga ju 4,000 mítà lọ. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń dúró láàárín ọ̀nà láti mí. Àwọn kan ò lè sùn dáadáa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá gbólóhùn sí méjì kí èémí lè dé.

Níbo ni ọ́síjìn ọ̀hún gbà lọ? Gíláàsì ò jò tó bẹ́ẹ̀. Jeff Severinghaus, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia nígbà náà, wà lára àwọn tó tú àdììtú náà. Ilẹ̀ oko wọn ni wọ́n ti fi ajílẹ̀ sọ di ọlọ́ràá kọjá àlà kó lè tó wọn lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ náà rí oúnjẹ, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń lo ọ́síjìn, wọ́n sì ń mí carbon dioxide síta. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, carbon dioxide ì bá pọ̀ débi tí gbogbo èèyàn á fi mọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ, torí ẹlòmíràn ń gbé e mì: kọnkéré tí wọ́n fi kọ́ ilé náà. Kọnkéré ń fa carbon dioxide mọ́ra, ó ń sọ ọ́ di calcium carbonate, ohun kan náà tí ìgbín fi ń ṣe ìkarahun. Ọ́síjìn wọn ti wọ ara ògiri.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n ṣírò igi, wọ́n ṣírò ewúrẹ́, wọ́n ṣírò oyin. Kò sẹ́ni tó ka ògiri mọ́ àwọn tó ń mí. Ẹni tó bá ti kọ sọ́fúwíà rí á mọ irú ìṣòro yìí: ohun tí ètò rẹ gbára lé láìjẹ́ pé o kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan, ọjọ́ tó bá yí padà lo máa tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ayé ń ṣe àìmọye iṣẹ́ fún wa báyìí, kò fi ìwé owó ránṣẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi kà á.

Ní oṣù Kìíní 1993, ọkọ̀ tó gbé ọ́síjìn dé sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fín in wọlé. Àwọn kan nínú wọn ti sọ pé ìgbà yẹn làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ẹ̀dá yòókù ò ríbi sá sí. Nínú irú ẹran, ẹyẹ àti ẹja 25 tí wọ́n kó wọlé, 19 ló run. Gbogbo kòkòrò tó ń bá òdòdó gbé àtíkè kú tán, tó fi di pé ọ̀pọ̀ igi ò lè sọ èso mọ́. Àwọn tó gbilẹ̀ ni aáyán àti èèrà. Àwọn igi kan tilẹ̀ ga, wọ́n tún wó lulẹ̀, torí kò sí ìjì nínú gíláàsì. Igi tí afẹ́fẹ́ ò mì rí kì í le.

Mẹ́rin síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún

Yorùbá ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ilẹ̀ 3.14 éékà ò tó. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn mẹ́jọ fi pín sí méjì: Poynter, MacCallum, Leigh àti Walford lápá kan, Alling, Van Thillo, Nelson àti Silverstone lápá kejì. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti jọ rìnrìn àjò, wọ́n ti jọ jẹ, wọ́n ti jọ mu. Ó wá di pé wọ́n ń kọjá lára ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwojú ara wọn.

Kí ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí? Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń ní ebi ló ń bí wọn nínú, tàbí pé àtìmọ́lé ló yí wọn lórí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ló wà láàárín wọn. Apá kan ní ìwádìí sáyẹ́ǹsì la wá ṣe, tí ebi bá ń ṣèdíwọ́ fún iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká gba oúnjẹ wọlé, ká jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìta tọ́ wa sọ́nà. Apá kejì ní a ti ṣèlérí pé a ò ní ṣílẹ̀kùn, ìlérí yẹn gan-an ni ìwádìí náà. Àwọn alákòóso níta ló ni àṣẹ, ká tẹ̀ lé wọn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tilẹ̀ wà tó ń gba ilé-iṣẹ́ náà nímọ̀ràn. Púpọ̀ nínú wọn kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1993.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Pẹ̀lú gbogbo ìkùnsínú yẹn, kò sẹ́ni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń fún wàrà, wọ́n ń gbin àlìkámà, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rọ, torí ọ̀tá ẹni àti ẹni jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1993, ọdún méjì pé géérégé, àwọn mẹ́jọ jáde láàyè. Poynter àti MacCallum padà fẹ́ ara wọn.

Àjọṣe inú ilé ò tú ká pátápátá. Ìta ló tú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1994, èèyàn méje mìíràn wọlé fún ìdánwò kejì. Kò pé oṣù kan tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ni ilé náà. Ed Bass tó ń sanwó gba àṣẹ ilé-ẹjọ́, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin àwọn agbófinró dé, wọ́n gba àkóso lọ́wọ́ John Allen àti àwọn èèyàn rẹ̀. Lára àwọn tí Bass gbé wá láti bójú tó ilé-iṣẹ́ náà ni Steve Bannon, ẹni tó padà di olùdámọ̀ràn Donald Trump. Kò sí ẹni tó bi àwọn méje inú gíláàsì léèrè kó tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, lóru, Abigail Alling àti Mark Van Thillo, méjì nínú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, wá sí ọgbà náà, wọ́n ṣí àwọn ilẹ̀kùn láti ìta, wọ́n sì fọ́ gíláàsì mélòó kan. Wọ́n mú wọn, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n. Àlàyé tiwọn ni pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àkóso ò mọ bí ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀mí àwọn tó wà nínú wà nínú ewu, pé ó yẹ kí wọ́n lè fúnra wọn yàn bóyá wọ́n fẹ́ dúró. Àwọn kan pè é ní ìbàjẹ́, àwọn kan pè é ní ìgbàlà. Ìdánwò kejì parí láìtọ́jọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Columbia lò ó láti 1996 sí 2003. Inú òkun kékeré yẹn ni Chris Langdon ti fi hàn pé tí carbon dioxide bá pọ̀ nínú omi, iyùn kì í lè dàgbà bó ṣe yẹ. Yunifásítì Arizona ló ń lò ó báyìí. Àwọn ìwé ìròyìn ti pè é ní ìkùnà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Sáfà ìdánwò tó bá fi ibi tí ètò ti máa wó hàn ọ́ ti ṣe iṣẹ́ tí o gbé e síbẹ̀ fún.

Ẹni tó wà níta

Ìdánwò mìíràn tẹ̀ lé e. Ní Moscow, láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2010 sí ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2011, ọkùnrin mẹ́fà fi ọjọ́ 520 gbé inú ilé àtìmọ́lé kan bí ẹni ń lọ Mars tó sì ń bọ̀. Mars-500 ni wọ́n pè é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ìjà tí wọ́n jà, wọ́n rí i pé ìjà pẹ̀lú àwọn tó ń darí wọn láti ìta tó ìlọ́po márùn-ún ìjà tí wọ́n bá ara wọn jà. Ní Houston, NASA ti èèyàn mẹ́rin mọ́ inú ilé kan fún ọjọ́ 378, wọ́n jáde ní oṣù Keje 2024. Wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń dá ọ̀rọ̀ dúró kó tó dé etí wọn, torí pé láti ayé dé Mars, ìró á gba ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, ó lè tó ìṣẹ́jú 22. Ẹ bi ìbéèrè, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá gbọ́ èsì. Ẹni tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ló sì máa jẹ́ ọ̀gá yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Mars ti kan ọmọ èèyàn gan-an nìyí, kì í ṣe ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá bá lé ẹ níṣẹ́ ní Èkó, wàá gbé báàgì ẹ, wàá bá ẹsẹ̀ ẹ sọ̀rọ̀. Bí onílé bá fi owó ilé kún un, wàá kó lọ sádùúgbò mìíràn. Níbi tí ọ̀gá ti jẹ́ onílé, tí onílé tún ni omi, tó tún ni afẹ́fẹ́, níbo lo fẹ́ kó lọ? Báwo lo ṣe fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀? Àwọn tó wà ní Arizona ń ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà. Nígbà tí ìka gé, ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tí ọ́síjìn tán, ọkọ̀ gbé òmíràn wá. Nígbà tí àwọn tó lówó jà, ẹnì kan gba òru wá, ó fọ́ gíláàsì, afẹ́fẹ́ ayé sì wà níta tó ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá fọ́ gíláàsì ní Mars ti pa gbogbo ará ilé.

Òfin ńkọ́? Àdéhùn àgbáyé lórí òfuurufú, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1967, sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè pe plánẹ́ẹ̀tì kankan ní tirẹ̀. Ó ní orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ bá wà lórúkọ rẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ọkọ̀ náà àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn dáa fún ọkọ̀. Fún ìlú, tí ọmọ á bí sínú rẹ̀, kò tó. Ní 2020, àwọn tó ka àdéhùn ìlò Starlink dé ìsàlẹ̀ rí i níbẹ̀ pé SpaceX kọ ọ́ pé plánẹ́ẹ̀tì òmìnira ni Mars, pé ìjọba kankan láyé kò ní àṣẹ lé e lórí, pé ìlànà ìṣàkóso ara ẹni tí wọ́n bá fi òtítọ́ inú gbé kalẹ̀ lásìkò ìtẹ̀dó ni wọ́n máa fi parí aáwọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Inú ìwé tí gbogbo wa kì í kà ká tó tẹ "mo gbà" ni wọ́n ti fi òfin ìlú kan lélẹ̀.

"Lásìkò ìtẹ̀dó" ti pẹ́ jù. Ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè jókòó bá a dúnàádúrà lórí ìlànà. Ayé ni a ti gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń mí lọ́fẹ̀ẹ́: pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe owó oṣù tí ọ̀gá lè dá dúró, pé àwọn tó wà nínú ilé ní ohùn lórí ilẹ̀kùn, pé ẹni tí kò bá ṣe mọ́ ní àyè nínú ọkọ̀ tó ń padà bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín kọ kóòdù tó máa darí ọ́síjìn nínú ilé kan ní Mars lọ́jọ́ iwájú. Iṣẹ́ tó dáa ni, ẹ gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e fún yín, kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ béèrè ẹni tí password máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá inú ilé náà ló máa gbé.